Kọ̀ǹpútà Abẹ́ Káńtà: Ohun Tí Ojú Mi Rí

Owó ló sún mi débẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín. Fọ́tò ni mo ń yà ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lápá Òkè-Ajé tí a ti ń tẹ̀wé, tí a ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tí a ti ń ya páṣípọ́ọ̀tù. Bí mo bá ya fọ́tò níbi ìnáwó, mo máa ń fún olówó ìnáwó ní káàdì kékeré kan tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Yóò tẹ nọ́ńbà yẹn sórí ìkànnì mi, gbogbo fọ́tò rẹ̀ á sì jáde. Àwọn ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀n àti Houston á ti rí aṣọ tí ìyá wọn wọ̀ kí àwọn ará ilé tó fọ ìkòkò ọbẹ̀ tán. Ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n máa pè mí padà nìyẹn.

Òkè òkun ni mo ti háyà àyè fún ìkànnì náà, 20 dọ́là lóṣù. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, kò tó ₦10,000. Lẹ́yìn tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, mo kàn ń wò ó bí ẹni tó ń wo àgbàrá tó ń wọlé ni. Nígbà tó fi di oṣù kejì ọdún 2024, dọ́là kan ti ń lọ sí ₦1,500, 20 dọ́là mi ti di ₦30,000. Ẹ̀jẹ̀ Ìjẹ̀bú tó wà lára mi kọ̀ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ta kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà ló fi ọ̀nà hàn mí: kí n ra kọ̀ǹpútà kékeré kan, kí n sọ ọ́ di server, kí n sì gbé ìkànnì mi sórí rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Kí lò ń pè ní server gan-an? Kọ̀ǹpútà tí kì í sùn ni, tó ń gbé ìkànnì fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó." Ó ní server wẹ́ẹ̀bù àkọ́kọ́ láyé, lọ́dún 1990, kọ̀ǹpútà NeXT tí Tim Berners-Lee, ẹni tó dá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀, fi ń ṣiṣẹ́ ní CERN, ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì kan ní Switzerland, ni. Berners-Lee fi yíǹkì pupa kọ ìwé lẹ̀ mọ́ ọn lára pé server ni ẹ̀rọ yìí o, kí ẹnikẹ́ni má pa á. Ó ní Google náà, nígbà tí wọ́n ṣì wà ní yunifásítì Stanford, inú àpótí tí wọ́n fi Lego kọ́ ni wọ́n to dísìkì wọn sí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi létí. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ò sọ, tí èmi náà ò sì bèèrè, ni pé ta ló ń mú iná lọ ní CERN.

Àwọn kọ̀ǹpútà kékeré tí a lè fi ṣe server yìí, ẹ ti máa rí wọn. Wọn ò tóbi ju ìwé atúmọ̀ èdè lọ. Lenovo ní èyí tí wọ́n ń pè ní ThinkCentre Tiny, HP ní EliteDesk Mini, Dell ní OptiPlex Micro. Àwọn ọ́fíìsì ìlú òyìnbó ló ń gbé wọn há ẹ̀yìn mọ́níta. Bí ọdún mélòó kan bá kọjá, wọ́n á tà wọ́n lópòó, wọ́n á sì di tókunbọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí orúkọ processor wọn, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, bá fi lẹ́tà T parí, bíi i5-6500T, èyí tí kì í jẹ iná púpọ̀ nìyẹn, wáàtì 35 ni Intel tó ṣe é kọ sí i. Tèmi tí mo wọ̀n, bí kò bá sí iṣẹ́ gidi lọ́wọ́ rẹ̀, wáàtì 10 sí 15 ló ń fà. Kọ̀ǹpútà ńlá tí a fi ń tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù ń fà jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́rin kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì rẹ̀.

₦130,000 ni mo ra tèmi. RAM 8GB, hard disk 500GB. Mo ti ṣírò rẹ̀ nínú ọkọ̀ láti Ìkẹjà títí dé Ṣágámù pé kò ní tó oṣù márùn-ún tí owó mi á ti wọlé padà. Ìṣirò yẹn ni àṣìṣe àkọ́kọ́, nítorí ẹ̀rọ nìkan ni mo kà.

Ẹni tó tà á fún mi kò ní ṣájà rẹ̀, mo bá ra èyí tó wọ ojú ihò rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó tàn, ó ṣiṣẹ́, àmọ́ ó ń wọ́ bí ìgbín. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń tú sọfitiwia palẹ̀ tí mo ń tún un tò. Mo pa Debian, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà, rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo tún un gbé kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ tí mo wá so tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn tí mo fara balẹ̀ ka ohun tó ń kọ nígbà tó ń jí, àṣé ó ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí: òun ò dá ṣájà yìí mọ̀, òun á máa rọra ṣe. Wọ́n pọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú wọn. Bí wáàtì ṣájà ò bá yé wọn, wọ́n á fa ìjánu processor. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ má gbé e kúrò nílẹ̀ láìsí ṣájà tó bá a dé láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Mo mọ̀ pé owó rẹ̀ á dùn yín.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ohun tí mo kà ló ní kí n wọ inú router, ẹ̀rọ tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún wa, kí n ṣí pọ́ọ̀tù 80 àti 443, àwọn ilẹ̀kùn tí ìkànnì ń gbà. Mo ṣí wọn. Bí mo bá wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ìkànnì á ṣí. Bí mo bá bọ́ síta tí mo fi dátà fóònù wò ó, kò sí nǹkan kan. Òru mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó tì í. Ìyàwó mi jí lóru ọjọ́ kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ṣé kì í ṣe pé ẹ ní obìnrin nínú kọ̀ǹpútà yẹn?"

Lóru kẹwàá ni mo wo nọ́ńbà àdírẹ́sì tí ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì fún router mi dáadáa. 100.72 ló fi bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà tó bá wà láàárín 100.64 sí 100.127, kì í ṣe tìrẹ nìkan, ẹ̀yin púpọ̀ lẹ jọ wà lẹ́yìn nọ́ńbà kan náà níta. Ilé face-me-I-face-you ni. Yàrá ogún ló wà nínú ilé, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló kọjú sí títì. Bí ẹni tó wà nínú yàrá bá rán ọmọ níṣẹ́, ọmọ mọ yàrá tó máa padà sí. Àmọ́ bí àlejò bá dé tí kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ò mọ yàrá tó máa mú un lọ, yóò ní kó padà. Ilẹ̀kùn yàrá tèmi ni mo ń ṣí láti òru mẹ́sàn-án, ẹnu ọ̀nà títì ò sí lọ́wọ́ mi.

Ohun tó yanjú rẹ̀ ni pé kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ jáde lọ, kó lọ di okùn kan mú níta, kí àwọn àlejò wá máa gba ara okùn yẹn wọlé. Cloudflare Tunnel, irú okùn bẹ́ẹ̀ tí ilé iṣẹ́ Cloudflare ń fúnni, ni mo lò, n kò san kọ́bọ̀. Ogún ìṣẹ́jú ni mo fi tò ó. Kí n tó rí i, mo ti sanwó oṣù kan fún nọ́ńbà tó jẹ́ tèmi nìkan, ohun tí mo sì rí nínú oṣù yẹn kò jẹ́ kí n kábàámọ̀ pé mo kúrò níbẹ̀. Wákàtí àkọ́kọ́ ò tíì pé tí àwọn tí mi ò mọ̀ rí ti ń kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú orúkọ ìwọlé bíi root, admin, test, ubuntu, wọ́n ń dán ọ̀rọ̀ aṣínà wò lọ́kọ̀ọ̀kan láti gbogbo ayé. Ọ̀rọ̀ aṣínà tèmi nígbà yẹn, orúkọ ọmọ mi àti ọdún tí wọ́n bí i ni. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo pa wíwọlé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ́, tí mo ń lo kọ́kọ́rọ́ SSH nìkan, fáìlì àṣírí tí mo fi ń wọlé láti òkèèrè dípò ọ̀rọ̀ aṣínà.

Ìkànnì wá jáde, ó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n mú iná lọ, wọ́n mú un wá, wọ́n tún mú un lọ láàárín ìṣẹ́jú méjì. Hard disk tó ń yí nínú rẹ̀ ń kọ̀wé lọ́wọ́ nígbà yẹn. Database kò dìde mọ́. Fọ́tò kò sọnù, àmọ́ ìwé tó sọ pé fọ́tò ta ni èyí, nọ́ńbà wo ló ṣí i, ti fọ́. Ẹ̀dà tí mo tọ́jú pa mọ́ ńkọ́? Ó wà. Orí hard disk kan náà ló wà, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni mo gbé wọn sí. Mo fi ọjọ́ mẹ́rin wo fọ́tò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo ń fi ojú dá aṣọ ẹbí mọ̀: aláwọ̀ osùn, ti Mọ́lípà nìyí, aláwọ̀ ewé, ìsìnkú Ìmọ̀wò. SSD, dísìkì tí nǹkan kan kì í yí nínú rẹ̀, ni mo rà lẹ́yìn ìyẹn, mo sì so kọ̀ǹpútà náà mọ́ inverter ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ jẹ́ n ṣe ìṣirò inverter yìí lójú yín, torí ibi tí mo ti tan ara mi jẹ nìyẹn. Báàtìrì wa jẹ́ 12V, 100Ah. Lórí ìwé, wáàtì 1,200 fún wákàtí kan nìyẹn. Bí ẹ bá ń fa báàtìrì olómi kọjá ìdajì nígbà gbogbo, ẹ ń pa á ni, nítorí náà 600 ni kí ẹ kà. Kọ̀ǹpútà 15, router 10, àpapọ̀ 25. Inverter fúnra rẹ̀ náà ń jẹ tirẹ̀. Ẹ fojú sí nǹkan bí ogún wákàtí. Ìyẹn dára! Jẹnẹrétọ̀ tí ẹ óò máa da epo sí lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, kò lè bá a dọ́gba. Àmọ́ èmi ò ka ohun tí àwọn ọmọṣẹ́ mi ń lò mọ́ ìṣirò. Fáànù wà lórí inverter kan náà, wáàtì 60. Fóònù márùn-ún wà níbẹ̀. Bí oníbàárà bá sì dé pé òun fẹ́ kí wọ́n láminéètì sátífíkéètì òun, ẹ̀rọ tó ń gbóná yẹn á gba ibẹ̀ wọlé pẹ̀lú.

Láminéètì náà ló mú ìjàm̀bá kejì wá. Ọjọ́ Sátidé, mo wà níbi ìgbéyàwó ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ìkànnì kú. Mo pe ṣọ́ọ̀bù.

"Ṣé iná wà?"

"Iná wà, ọ̀gá."

"Ṣé kọ̀ǹpútà kékeré abẹ́ káńtà ń tàn?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ọ̀gá, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í lò yẹn? Mo yọ ọ́, mo fi láminéètì síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń fi ṣe nǹkan kan."

Mi ò bá a wí. Kọ̀ǹpútà tí kò ní mọ́níta, tí kò ní kíbọ́ọ̀dù, tí kò dún, ta ni kò ní rò pé ó jókòó lásán ni? Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo rántí Berners-Lee àti yíǹkì pupa rẹ̀. Mo gé páálí, mo kọ ọ́ gàdàgbà: MÁ YỌ MÍ O. Mo sì ra sọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ lọ́tọ̀, mo gbé e sókè lẹ́yìn pátákó níbi tí ọwọ́ ò lè tètè dé.

Èyí tó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù ṣì ń bọ̀. Tiransifọ́ọ̀mù àdúgbò wa bàjẹ́, ọjọ́ mẹ́ta gbáko kò sí iná, inverter tán. Mo ti wọ inú BIOS, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà, tẹ́lẹ̀, mo ti sọ fún un pé bí iná bá padà dé, kó tàn fúnra rẹ̀. Ẹ rántí ṣe èyí o, torí bí wọ́n ṣe ń wá láti ọ́fíìsì, púpọ̀ nínú wọn á dúró de ẹni tó máa tẹ bọ́tìnnì. Ní aago méjì òru ọjọ́ kẹta, iná dé. Ọmọdé tó ń sùn ní ṣọ́ọ̀bù láti ṣọ́ ọ ní iná iwájú rẹ̀ ti tàn, fáànù inú rẹ̀ ń dún. Ìkànnì kò ṣí. Aago mẹ́fà àárọ̀, mo ti wà lórí ọ̀kadà.

Mo so tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn. Ojú ìwé dúdú kan, ìlà méjì: wọn ò tíì ṣètò ọjọ́ àti àkókò, tẹ F1 kí a lè máa lọ.

Wákàtí mẹ́rin ni kọ̀ǹpútà fi ń dúró de ìka kan. Mo wá kíbọ́ọ̀dù, mo tẹ F1, ó dìde bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Mo wo BIOS, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2016 ló rò pé a wà. Mo tú skúrúù ẹ̀yìn rẹ̀, mo fa ìdérí. Eruku ti dì mọ́ ẹnu fáànù bí òwú. Lábẹ́ SSD ni báàtìrì pẹlẹbẹ kan wà, ó fẹ̀ tó kọ́bọ̀ àtijọ́, wọ́n kọ CR2032 sí i lẹ́yìn. Òun ló ń bá kọ̀ǹpútà ka aago nígbà tí kò bá sí iná rárá. Ní ọ́fíìsì òyìnbó tí iná kì í lọ, ó lè kú fún ọdún mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Mo fi èékánná gbé e, mo fi mítà wọ̀n ọ́n. Ó yẹ kó ní fóòtì 3. Fóòtì 1.1 ni mo bá lára rẹ̀. Mo rin ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ sọ́dọ̀ bàbá alágogo kan ní ọjà, ó yọ tuntun fún mi láti inú páálí tó fi ń tún kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ṣe, owó rẹ̀ ò tó ti búrẹ́dì kan. Nǹkan tí kò tó owó búrẹ́dì! Ọjọ́ náà ni mo fọ eruku fáànù, torí mo ti ṣí i ná. Kọ̀ǹpútà tókunbọ̀ tó bá wọ ọwọ́ mi báyìí, báàtìrì yẹn ni mo kọ́kọ́ ń pààrọ̀, kí n tó bi í pé processor wo ló ní.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé Ojúde Ọba, ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 2024, ọjọ́ kẹta Iléyá. Regbéregbé mẹ́ta, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, ló gbé iṣẹ́ fún mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀ mọ bí ọdún yẹn ṣe rí, fọ́tò Ojúde Ọba kárí ayé lórí fóònù. Mo ya èyí tó lé ní 1,100. Mo gbé gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà bó ṣe ti inú kámẹ́rà jáde, MB márùn-ún márùn-ún, mo sì fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní aago mẹ́sàn-án alẹ́.

Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Alhaja kan pè mí. "Onífọ́tò, nǹkan kan ń yí bìrí bìrí lójú fóònù mi. Mo rí gèlè mi, mi ò tíì rí ojú mi." Lóòótọ́, fọ́tò ń já wálẹ̀ láti òkè bí aṣọ títa, ó dé iwájú orí, ó dúró. Ìpè kò dúró mọ́ títí di aago kan òru. Ẹnìkan ní mo ti gbowó tán mo wá ń fi fọ́tò pa mọ́. Mo pa fóònù, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn káńtà, ojú ń tì mí nìkan nínú òkùnkùn.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé kọ̀ǹpútà kékeré ti kéré jù. Mo wo processor rẹ̀: ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ń sinmi ni! Íntánẹ́ẹ̀tì wa ni. A máa ń wọ̀n ọ́n nípa bó ṣe ń gbé nǹkan wọlé, tiwa sì tó megabit 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tó ń jáde lọ ni server ń lò, ìyẹn ò kọjá 5. Megabit 5, ẹ pín in sí mẹ́jọ, kò tó MB kan, 0.6 péré. Fọ́tò kan á gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ, bí ó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń wò ó. Fọ́tò 40 ni mo tò sójú ewé kan. Ẹnì kan á fi ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ wo ojú ewé kan. Àwọn tó ń wò ó lálẹ́ yẹn lé ní àádọ́ta, wọ́n sì jọ ń du omi nínú páìpù kan náà.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti fi sọfitiwia ImageMagick sọ gbogbo wọn di kékeré, fífẹ̀ 1,600 píksẹ́lì, èyí tó tóbi jù kò ju 300KB lọ. Èyí tó wà lójú ewé fún yíyàn, 20KB ni mo ṣe é. Fọ́tò 40 wá di 800KB. Mo sì ṣètò rẹ̀ kí Cloudflare tọ́jú ẹ̀dà síta, kó jẹ́ pé fọ́tò kan kì í jáde nínú ṣọ́ọ̀bù wa ju ẹ̀ẹ̀mélòó kan lọ, bí igba èèyàn bá tilẹ̀ wò ó. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó tóbi láti tẹ̀ sí férémù, kó wá sí ṣọ́ọ̀bù, kó wá sanwó. Ó yẹ kí n ti ṣe é bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí mo gbà tí kò yẹ kí n gbà. Ilé ìwé kan ní kí n bá àwọn gbé èsì ìdánwò àwọn ọmọ sórí kọ̀ǹpútà yẹn, kí àwọn òbí máa wò ó. Mo gbà, owó dùn. Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ ni mo wò ó pé orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí ọmọ, nọ́ńbà fóònù bàbá ọmọ, gbogbo rẹ̀ wà lábẹ́ káńtà tí olè lè fi apá kan gbé sá lọ. Òfin tó dáàbò bo irú nǹkan báyìí ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2023, àmọ́ ká má tilẹ̀ sọ ti òfin. Mo dá a padà fún wọn, mo ní kí wọ́n háyà àyè gidi. Inú wọn ò dùn sí mi.

Iye tó ná mi? Kọ̀ǹpútà, ṣájà tó bójú mu, SSD, router mìíràn lẹ́yìn tí àrá òjò pa àkọ́kọ́, dísìkì tó wà nílé àbúrò mi ní Ṣágámù tí ẹ̀dà gbogbo nǹkan ń lọ sórí rẹ̀ ní aago méjì òru. Ó kọjá ọdún kan kí n tó rí èrè lórí ₦30,000 tí mo ń sá fún. Mi ò ka oorun mọ́ ọn.

Lọ́dún 2025, Ojúde Ọba bọ́ sí ọjọ́ 8 oṣù kẹfà. Mo fi nọ́ńbà ránṣẹ́ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, mo gbé fóònù síwájú, mo ń wò ó bí ẹni tó ń wo ejò. Ìpè kan ṣoṣo ló wọlé. Alhaja ọjọ́sí ni.

"Onífọ́tò, ó yá kíákíá lọ́dún yìí. Àmọ́ regbéregbé àwọn ọkùnrin lo gbé mi sí."